Àpò Àyà Ẹ̀wù Tíṣà

Òórùn gọ́ọ̀mù gbígbóná ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Àpòmù. Ó máa ń ta sí èèyàn nímú díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá gbàgbé ṣíbí rọ́bà sétí iná. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ lórí ẹní, mo ti mọ̀ pé iná ti dé, pé ìyá mi ti jókòó ti Ọ̀nì, àti pé kò ní pẹ́ tí wọn á fi pè mí. Inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà àyà mi á já. Irú ọmọ tí mo jẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá fún mi lẹ́ran, màá kọ́kọ́ ronú pé ó máa bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi kí n tó jẹ ẹ́.

Ọ̀nì ni orúkọ tí mo fún ẹ̀rọ ìyá mi. Hít-prẹ́ẹ̀sì ni àbúrò bàbá mi tó gbé e wá láti Ìbàdàn ń pè é. Ó ti fi tẹ àwòrán sára ẹ̀wù àwọn ọmọléèwé títí iṣẹ́ náà fi sú u, ló bá dì í sẹ́yìn ọkọ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ nílé wa, ó ní, "Ìyàwó wa, máa fi lọ aṣọ." Irin pẹlẹbẹ méjì ni, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, pẹ̀lú ọwọ́ gígùn kan tí wọ́n fi ń pa á dé. Irin òkè ló máa ń gbóná. Ẹni tó bá rí i níbi tó ti yanu sílẹ̀ kò ní bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń pè é ní Ọ̀nì.

Aránṣọ ni ìyá mi, inú pálọ̀ wa ni wọ́n sì ti ń rán an. Oko kòkó ní ọ̀nà Ararọ̀mí-Òwu ni bàbá mi sábà máa ń wà. Ọ̀nì ni ìyá mi fi ń lẹ sitéè mọ́ kọ́là ẹ̀wù, ìyẹn aṣọ líle tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí kì í jẹ́ kí kọ́là wó. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ìbora alárànpọ̀. Wọ́n á kó àjákù àǹkárá jọ, wọ́n á gé e ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n á fi Ọ̀nì lẹ sitéè fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn kó má baà fà, wọ́n á wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lábẹ́ ìbora wa, mo lè fọwọ́ kan aṣọ ọdún Iléyá gbogbo àdúgbò.

Ìṣòro kan ló wà. Aago tó yẹ kó máa dún lára Ọ̀nì ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí aṣọ kò bá sì pẹ́ tó nínú rẹ̀, gọ́ọ̀mù kò ní mú. Bó bá pẹ́ jù, ó jóná nìyẹn. Ìyá mi wá fi Kulúwálláhù, súrà kúkúrú inú Kùránì, ṣe aago. Ẹẹ́mẹ́ta fún àǹkárá, ẹẹ̀kan ṣoṣo fún aṣọ ọlọ́ràá tí iná máa ń tètè mú. Èmi ni mo máa ń kà á, torí pínnì kì í kúrò láàárín ètè ìyá mi. Wọ́n á tẹ́ aṣọ, wọ́n á da bébà funfun tó ń yọ̀ lé e lórí, wọ́n á pa Ọ̀nì dé, wọ́n á mi orí sí mi. Màá sáré kà á, màá sì pariwo pé, "Ó pé o!" Wọ́n á ṣí i. Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọwọ́ ẹ̀rọ náà rárá.

Aládùúgbò wa kan sọ ọ́ sí wọn lójú rí, ó ní, "Ìyá Mùjí, Kùránì lẹ wá fi ń lọ aṣọ?" Ìyá mi yọ pínnì lẹ́nu. "Àdúà ni mo ń ṣe síṣẹ́ mi. Àdúà ò pa ẹnikẹ́ni lára rí." Wọ́n dá pínnì padà sẹ́nu, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Màmá Tíṣà wá. Ìkirè ni wọ́n ń gbé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọkọ wọn náà sì ṣe tíṣà títí ó fi darúgbó. Ọkọ yìí ló kú nígbà òjò ọdún tó ṣáájú. Màmá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì gánà-mọ́sìgò kan, wọ́n fún mi ní dòdò Ìkirè tí wọ́n wé séwé, wọ́n jókòó, wọ́n sì tú báàgì náà sórí ẹní. Àwọn ẹbí ti pín ẹrù olóògbé bí àṣà ṣe wí. Agbádá ti lọ, àrán ti lọ, fìlà ti lọ. Ohun tó kù ò ju àwọn ẹ̀wù tí bàbá náà fi ń lọ síléèwé.

"Wọ́n ti mú èyí tó dáa lójú wọn," ni Màmá Tíṣà wí. "Èyí tó dáa lójú tèmi ló wà níbí. Ẹ bá mi rán an pọ̀, kí n máa fi bora."

Wọ́n wá fa ẹ̀wù kan yọ, aláwọ̀ mílíìkì, irú aṣọ ọlọ́ràá àtijọ́ tí kì í rún. Bíró pupa tí Tíṣà fi ń máàkì ti da yíǹkì sí ìdí àpò àyà rẹ̀. "Ẹ gé àpò yìí lódindi. Àárín gbùngbùn ni kí ẹ fi sí, níbi tí ọwọ́ mi á ti máa bà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ o." Ìyá mi ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Nígbà tí Màmá lọ tán, ìyá mi gbé àpò náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n pè mí. "Mùjí, wò ó dáadáa. Ẹyin ojú Màmá nìyí. Tó bá bàjẹ́, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta òmíràn." Kí ni wọ́n sọ ìyẹn fún mi sí?

Oṣù yẹn gan-an ni ààfáà tuntun dé sí ilé kéwú wa. Ààfáà wa àtijọ́ kò bìkítà bí a bá sáré ka nǹkan, ṣebí a ṣáà ti mọ̀ ọ́n. Ti tuntun yìí ò gbà. Wọ́n ní à ń gbé Kùránì mì bí ẹ̀kọ. "Ẹ fà á! Ẹ jẹ́ kó gùn níbi tó yẹ kó gùn!" Wọ́límọ̀, ayẹyẹ àwọn tó ti ka Kùránì, ń bọ̀, wọ́n sì ti mú mi pé èmi ni màá ka Kulúwálláhù lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá tún sáré, àárín àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ka alífà ni wọn yóò dá a padà sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ṣe ilé kéwú, ẹ mọ irú ìtìjú tí ìyẹn jẹ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò jẹ́ sáré kà á mọ́ níbikíbi, ì báà jẹ́ nínú balùwẹ̀, kó má baà mọ́ mi lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń fà á, bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ojú mi á sì pa dé.

Kò sí ẹni tó ronú nípa Ọ̀nì. Ìyá mi ò mọ̀ pé aago wọn ti yí padà. Èmi náà, kí n má purọ́, kò sọ sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ Sátidé ni. Ìyá mi ti lẹ sitéè mọ́ ìyókù àwọn ẹ̀wù náà lọ́jọ́ tí mo wà níléèwé, wọ́n fúnra wọn ló kà á. Àpò náà ló kù. Wọ́n tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, wọ́n da bébà bò ó, wọ́n sì pa Ọ̀nì dé. "Ẹẹ̀kan ṣoṣo o. Ọlọ́ràá ni." Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni atẹ́gùn gbá fèrèsé, ojú ọ̀run ti dúdú, bẹ́ẹ̀ kòkó tí bàbá mi sá kún àgbàlá. "Yéè, kòkó bàbá ẹ!" Ìyá mi sá jáde.

Mo pa ojú mi dé. Mo kà á bí ààfáà ṣe ní kí n máa kà á, mo fa ibi tó yẹ kí n fà, mo mí síbi tó yẹ kí n mí. Ó dùn létí ara mi. Mo ti fẹ́ẹ̀ parí rẹ̀ kí òórùn kan tó kọlu imú mi, kì í sì í ṣe ti gọ́ọ̀mù. Mo pariwo, "Ó pé o! Ìyá mi, ó pé o!" Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ariwo rẹ̀ lórí páànù sì bo tèmi. Wọ́n ti ní kí n má fọwọ́ kan ọwọ́ ẹ̀rọ. Mo dúró níbẹ̀, mò ń pariwo, mò ń fò sókè sódò bí ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, títí èéfín fi yọ létí irin. Ìgbà yẹn ni mo tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè.

Àpò náà ti pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì. Ó ti lẹ̀ mọ́ bébà, nígbà tí mo sì fà á, igun kan já dà nù. Yíǹkì pupa ti di dúdú. Mi ò sunkún. Ẹ̀rù tó bà mí kọjá ẹkún. Mo kàn ń gbọ́ ohùn ìyá mi létí: kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta òmíràn.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ èṣù. Ọjọ́ gbogbo ni wọ́n máa ń mú iná lọ bí atẹ́gùn bá ti fẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò mú un. Òjò náà tún le sí i, ó há ìyá mi mọ́ ilé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀wù bàbá mi kan wà nínú àpò tí ìyá mi ń kó àjákù aṣọ sí, òun náà aláwọ̀ mílíìkì. Mo fi bíléèdì gé àpò àyà rẹ̀ lódindi. Mo mú bíró pupa nínú báàgì ìwé mi, mo da yíǹkì sí ìdí rẹ̀, mo fi itọ́ pa á kó lè tàn. Mo tẹ́ ẹ lórí sitéè. Mo wá sáré ka Kulúwálláhù bí ìgbà tí ajá ń lé mi, ẹẹ̀kan, mo ṣí Ọ̀nì. Ó mú dáadáa. Mo ti àpò tó jóná bọ inú báàgì kéwú mi.

Ìyá mi wọlé, omi ń kán lára wọn. "Ó pé?"

"Ó pé, mà."

Wọ́n gbé àpò náà sójú. "Ó jọ pé ó mọ́ ju bó ṣe wà lọ."

"Iná ni, mà," ni mo wí. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n sì gbé e ti àwọn yòókù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú títì ni etí mi máa ń wà. Bí ọ̀kadà bá dúró níwájú ilé, màá sá wọ yàrá. Mo máa ń rò ó níléèwé pé Tíṣà tó ti kú wà lẹ́yìn mi, pé ó ń fi bíró pupa fa ìlà sí gbogbo ohun tí mo bá kọ. Ìyá mi ń rán ìbora náà pẹ̀lú ìfẹ́, wọ́n ń wí lọ́tùn-ún lósì pé, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ọlọ́run ló mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń gún mi tó, torí ohun tí mo fẹ̀sọ̀ ṣe gan-an ló bàjẹ́. Wọ́límọ̀ dé, mo kà á, wọ́n ní ohùn mi dùn, wọ́n da súìtì lé mi lórí. Mi ò rántí nǹkan míì nípa ọjọ́ náà.

Màmá Tíṣà wá gba ìbora wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ìyá mi tẹ́ ẹ sórí àga gígùn. Ó dára, kí n má purọ́: búlúù, àwọ̀ eérú, onílà tín-ín-rín, gbogbo ẹ̀wù iṣẹ́ ọkùnrin kan, àpò yẹn sì wà láàárín. Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ pa á káàkiri, wọ́n ń sọ pé èyí ni ọkọ àwọn wọ̀ lọ́jọ́ báyìí, èyí ni ó wọ̀ lọ síbi báyìí. Wọ́n wá ti ìka bọ àpò náà. Mo rí ìka ọ̀hún lábẹ́ aṣọ, ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, ó ń wá nǹkan.

"Mo fọwọ́ rán ihò kan nínú ibí yìí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Òwú dúdú ni mo fi rán an. Ọkọ mi bá mi jà lọ́jọ́ náà pé kí ló dé tí mi ò wá òwú funfun."

"Bóyá iná ló lẹ̀ ẹ́ pa, mà," ni ìyá mi dáhùn. Wọn ò mọ nǹkan kan.

Màmá Tíṣà tún wá a. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ ìka wọn, wọ́n sì mi orí. "Àbí ẹ̀wù mìíràn ni? Bóyá mi ò tiẹ̀ rán nǹkan kan. Orí mi ò pé mọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Mo ti ń gbàgbé rẹ̀."

Ohun tí mi ò lè gbà nìyẹn. Bí wọ́n bá pariwo mọ́ mi, ó ṣeé ṣe kí n dákẹ́. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n mú pàṣán wá, ó ṣeé ṣe kí n fi Kùránì búra pé mi ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ arúgbó yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí òótọ́ tó mọ̀ dà sí irọ́, nítorí bíró mi.

"Kì í ṣe òun, mà," ni mo wí.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Kí lo wí?"

"Kì í ṣe àpò Tíṣà. Ti bàbá mi ni. Ti Tíṣà jóná." Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, látorí ààfáà dórí bíró, ẹkún ń gé mi lọ́rọ̀. Mo sá wọ yàrá, mo mú un jáde nínú báàgì kéwú, mo sì kúnlẹ̀ fi fún wọn.

Màmá Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ń fọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ìka bọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, ìka náà dúró síbì kan. Wọ́n yí i síta: òwú dúdú náà wà níbẹ̀, ó di ihò náà pinpin. "Ó wà níbí," ni wọ́n wí. "Mi ò gbàgbé." Ẹkún tí wọ́n sun lórí àga wa lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àgbà rí.

Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ dákun, Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n nà án lójú yín."

"Ẹ má nà án. Ẹ tú èyí kúrò, kí ẹ rán tèmi síbẹ̀ bó ṣe wà yẹn."

Ọwọ́ ni ìyá mi fi rán an, lójú wọn. Màmá Tíṣà ká ìbora wọn, wọ́n sì gun ọ̀kadà lọ. Wọn ò gbé iṣẹ́ wá fún wa mọ́. Bí a bá pàdé lọ́jà Ìkirè, wọ́n á dáhùn ìkíni wa, àmọ́ wọn kì í dúró. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Mo ń retí ẹgba nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi kàn jókòó ti Ọ̀nì tí kò gbóná, wọ́n ní, "Ó yẹ kí n nà ọ́. Ọwọ́ mi ò gbé e. Ká ní o dákẹ́ ni, obìnrin yẹn ì bá lọ sílé lọ máa rò pé òun ti ya wèrè." Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń gún pínnì mọ́ àyà bùbá wọn kí ẹnu wọn lè ráyè, wọ́n sì ń ka aago wọn fúnra wọn. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ méjì báyìí, ní Ìkirè ni mo sì ń gbé. Èmi náà ń ránṣọ nínú pálọ̀ mi. Ẹ̀rọ tèmi ní ojú dígí tó ń ka nọ́ńbà sẹ́yìn, ó sì máa ń ké tó bá pé. Àwọn èèyàn ní ọkàn mi le, pé n kì í ṣojo. Òótọ́ ni. Mi ò mọ ìgbà tí ọmọ tí àyà rẹ̀ máa ń já nítorí ẹran yẹn fi mí sílẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, obìnrin kan gbé ìborùn ìyá rẹ̀ tó ti kú wá láti Wásinmi. Ó fẹ́ kí n fi ṣe ìbora fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo pa ẹ̀rọ dé. Ó ké, mo sì gbọ́ ọ, àmọ́ mo wà lórí fóònù, ẹ̀rín ń pa mí. Ìgbà tí mo dìde, ìdajì ìborùn náà ti lọ. Nígbà tí obìnrin náà dé, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, ohùn mi ò gbọ̀n, ojú mi ò sì kúrò lójú rẹ̀. Mo ní aṣọ náà ti gbó, pé kò lè gba iná mọ́.

Ó dì í mú, ó ń wò ó. "Èmi ni mo fà á," ló wí. "Inú àpótí ni mo tì í mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kú. Ó yẹ kí n máa sá a sóòrùn. Mi ò mọ nǹkan ìyá mi tọ́jú." Ó nu ojú rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ kò ju gbólóhùn kan lọ, pé èmi ni mo jó o, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan sì ti sọ irú rẹ̀ rí. Mo kàn bá a ká aṣọ náà, mo fi í sínú ọ̀rá.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú. Mo ní kò tọ́pẹ́.